Ọjọ́ Tí Màmá Tàófíìk Gun Òkè Onígbá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní orí kunkun, kó wá gba yàrá kan lọ́dọ̀ Màmá Tàófíìk ní Tápà. Èmi ti gbà á, ojú mi sì ti rí i. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá sí ìlú yìí láti Èrúwà. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Fèrèsé yàrá mi kọjú sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí obìnrin yìí ti ń yan gaàrí, kí n sì tó la ojú láàárọ̀, èéfín ti wọlé wá kí mi. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé èéfín yìí máa pa mí. Ó ní, "Tíṣà, èéfín yìí ló tọ́ Tàófíìk dàgbà, kò sì pa á." Bó ṣe dá mi lóhùn tán, ó tún ti igi mìíràn bọ iná.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó kúrú, ara rẹ̀ le, àfi orúnkún òsì tí kò gbádùn mọ́ láti ìgbà tí ọ̀kadà ti dà á nù lọ́nà Ayétẹ̀. Abà kan lẹ́yìn Lánlátẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Tápà ń dáko ẹ̀gẹ́ àti iṣu níbẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé bí òjò bá dá, òun á gbé ọmọ náà lọ sílé kí wọ́n rí i. Òjò dá, òjò tún bẹ̀rẹ̀, ikú mú bàbá náà kí ọmọ tó fi ẹsẹ̀ rìn. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Ó ní ọkọ sí Èrúwà, ó bí ọmọ, ó kiri gaàrí dé gbogbo ọjà Ìbàràpá, nígbà tí ọkọ rẹ̀ sì kú, ó kó ẹrù rẹ̀ wá sí agbo ilé bàbá rẹ̀ ní Tápà. Ó ní òun fẹ́ kú síbi tí wọ́n ti mọ orúkọ bàbá òun.

Orúkọ agbo ilé náà ni Ilé Onígbá. Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀ tí mi ò rí níbòmíràn. Bí wọ́n bá bí ọmọ, kí àlùfáà tó dé, kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ kan àgbò, ọkùnrin kan nínú ilé á ti lọ pọn omi wá láti inú adágún tó wà lórí Òkè Onígbá, níbi tí àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí nígbà ogun. Wọ́n á kán omi náà sí ọmọ lẹ́nu. Àwọn tó ń lọ mọ́ṣáláṣí nínú wọn ń ṣe é, àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ń bọ nǹkan kan níbẹ̀. Ọkùnrin ní í pọn omi, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin ló ń kán an sọ́mọ lẹ́nu, obìnrin náà ni wọ́n sì ń pè ní Ìyá Ọmọ-oṣú, ìyẹn olórí gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú ilé.

Ìyá Ọmọ-oṣú àtijọ́ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Nínú àwọn ọmọbìnrin ilé tó kù, Màmá Tàófíìk ló dàgbà jù. Ọ̀rọ̀ náà kò tún yẹ kó ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí jókòó lé e, Àkànó dìde. Àkànó ni àkọ́bí Baálé Búrẹ́mọ̀, olórí agbo ilé. Ó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà lẹ́bàá ọjà, ohùn rẹ̀ sì máa ń ròkè ju ọjà rẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, n ò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Abà ni wọ́n ti sọ Màmá Tàófíìk lórúkọ. Omi kànga ni wọ́n fi kàn án lẹ́nu. Ẹni tí omi Onígbá ò kàn lẹ́nu, àlejò ni nínú ilé yìí. Ṣé àlejò ló máa wá kán omi sí ọmọ wa lẹ́nu?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Èyí tó dun obìnrin náà jù nìyẹn. Baálé Búrẹ́mọ̀, tó jẹ́ pé òun àti bàbá Màmá Tàófíìk jọ dáko pọ̀ rí, wolẹ̀ bí ẹni pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, gaàrí jóná lọ́wọ́ Màmá Tàófíìk. Mo yọjú láti fèrèsé, mo rí i tó di ìgbákọ mú láì yí i, tí gaàrí ń pọ́n, tó ń dúdú. Mo sáré jáde. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Tíṣà, ṣé èmi kì í ṣe ọmọ bàbá mi ni?"  Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo kàn bá a fa igi kúrò nínú iná.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn tí ìyàwó Àkànó bímọ. Bí ìròyìn náà ṣe kàn wá, Màmá Tàófíìk da ìborùn borí, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ Baálé. Ó kúnlẹ̀ kí i tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní omi ò kàn mí lẹ́nu. Mo fẹ́ lọ bá omi náà níbi tó wà. Ṣé èèwọ̀ ni?"

Baálé ronú títí. Arúgbó tó máa ń sọ òtítọ́ ni, àfi tó bá kan Àkànó. Ó ní, "Kì í ṣe èèwọ̀. Kò sí obìnrin tó gùn ún rí láyé tèmi ni." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mi orí. "Ní ọjọ́ keje ọmọ náà, Dàda apọnmi ń lọ pọn omi ìkómọ. Tẹ̀lé e. Bí o bá débẹ̀, tí o fi ọwọ́ ara rẹ bù ú mu, tí o sì ru omi náà délé, ọ̀rọ̀ tán."

Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó rò pé orúnkún yẹn á dá a padà lójú ọ̀nà, òun á sì bọ́ nínú wàhálà láì bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí a jáde, mo ní èmi náà á lọ. Ṣé ó yẹ kí ènìyàn máa ya àwòrán adágún sára pátákó fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ yìí wá, kí ó má tíì rí èyí tó wà lókè orí rẹ̀?

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni ọ̀kadà gbé wa dé ibi tí ọ̀nà oko parí sí. Dàda ti ń dúró dè wá pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù rẹ̀. Dàda Láwàl ni apọnmi Ilé Onígbá. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó ń fi ìbàdí kan tẹ̀. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ilé ló sì ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀. Níbi ìkómọ, òun ni wọ́n ń gbé ọrùn àgbò fún, kò sì sí ọmọdé tó lè kọjá lára rẹ̀ láì dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn, inú rẹ̀ kò dùn sí wa rárá.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ejò pọ̀ lọ́nà yìí o."

Màmá Tàófíìk ní, "Wọ́n á rí wa, wọ́n á yà."

"Oyin wà níbẹ̀ o. Wọ́n lé ọdẹ kan wálẹ̀ níjọ́sí, kò rántí bàtà rẹ̀."

"Dàda, ṣíwájú."

A rìn gba àárín oko ẹ̀gẹ́, a rìn gba inú pápá, títí a fi kan odò kékeré kan lábẹ́ òkè. Omi rẹ̀ mọ́, ó ń ṣàn lórí yanrìn. Dàda gbé gálọ́ọ̀nù kalẹ̀ bí ẹni tó délé. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Omi tó wà lókè ló ń ṣàn wá síbí. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ bù ú mu níbí, ẹ sinmi, èmi àbúrò yín ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Èmi òmùgọ̀ sì dá sí i. Mo ní lóòótọ́, tí a bá wò ó lójú ìmọ̀, omi òkè lè gba abẹ́ òkúta wá síbí. Màmá Tàófíìk yíjú sí mi. Ó ní, "Tíṣà, bí o bá ń lọ sílé, ọ̀nà nìyẹn." Mo pa ẹnu mi mọ́. Ó la odò náà kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, a sì tẹ̀lé e.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wa ti bẹ̀rẹ̀. Dàda tó ń ṣíwájú bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi àdá gé igbó díẹ̀, ó ní ọ̀nà rèé. A tẹ̀lé e dé ibi ògiri òkúta kan tí aláǹgbá gan-an máa ronú kó tó gùn ún. A padà. Ó tún mú wa gba ibòmíràn, inú ẹ̀gún ló já sí. Igbó ti dí. Igi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó itan mi ti hù sí ibi tó pè ní ojú ọ̀nà. Mo ti ń bínú, mo fẹ́ bi í pé irú apọnmi wo nìyí, ṣùgbọ́n Màmá Tàófíìk ti jókòó lórí òkúta, ó ń wo ọkùnrin náà.

Ó ní, "Dàda. Ìgbà wo lo débí gbẹ̀yìn?"

 Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ṣubú lórí òkúta tí ìbàdí òun sì yẹ̀, òun kò lè dé òkè mọ́. Odò ìsàlẹ̀ yẹn ni òun ti ń pọn omi láti ìgbà náà wá. Òun á kúrò nílé ní òwúrọ̀, òun á sùn lábẹ́ igi létí odò, òun á sì padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù.

Màmá Tàófíìk ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn kí wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀?"

Dàda ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní oko tó jọjú. Mi ò lówó lọ́wọ́. Bí mi ò bá jẹ́ apọnmi, kí ni mo jẹ́ nínú ilé yẹn?"

Mo retí pé kó bú u. Èmi ì bá bú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó ń fi ọwọ́ lu itan. "Odò ìsàlẹ̀! Gbogbo àwọn ọmọ tí wọ́n ń jó yíká! Àwọn ọmọ Àkànó! Háà, Ọlọ́run tóbi!" Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó nu ojú, ó dìde. Mo ní ṣé kí a máa lọ sílé nígbà tí kò sí ẹni tó mọ̀nà mọ́. Ó ní, "Òkè ò kúrò níbẹ̀. Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa òkè, ibo ni adágún ń gbà kún àkúnwọ́sílẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ló la ojú mi. Mo rìn sẹ́yìn, mo gbójú sókè wo òkúta náà. Lára àpáta aláwọ̀ eérú rẹ̀, mo rí ìlà dúdú kan tó gùn láti òkè wá sílẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń ṣàn gba orí òkúta lọ́dọọdún, nǹkan tútù kan máa ń hù síbẹ̀, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á gbẹ, á di dúdú. Mo nawọ́ sí i. Mo ní, "Ibi tí ìlà yẹn bá parí sí lókè, omi wà níbẹ̀." Kò tún dúró gbọ́ àlàyé tó kù.

Ẹ̀gbẹ́ ìlà náà la gbà gùn. Ibi tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, a fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ibi tó ga, a fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá. Nígbà tó yá, orúnkún Màmá Tàófíìk kọ̀ jálẹ̀, kò ká mọ́. Ó wá yí ẹ̀yìn sí òkè, ó jókòó sórí òkúta, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè ní ìjókòó, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń kọ́ àtẹ̀gùn. Aṣọ rẹ̀ ya lẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó ro ti Tàófíìk tó wà ní Ìbàdàn, kí ni màá sọ fún un bí nǹkan bá ṣe ìyá rẹ̀? Ó ní, "Sọ fún un pé orúnkún ìyá rẹ̀ ló ní òun ò lọ. Bó bá wu orúnkún, kó dúró síbí. Èmi ń lọ."

Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí, nítorí ẹsẹ̀ mi méjèèjì dá ṣáṣá. Dàda náà ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di ìbàdí mú, omi ń dà lójú rẹ̀, n ò mọ̀ bóyá ìrora ni.

Oòrùn ti kúrò ní àárín orí nígbà tí òkúta tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ wa. Atẹ́gùn kan fẹ́ lù wá, ó tutù. A rìn kọjá koríko gíga díẹ̀, omi náà sì wà níbẹ̀.

Mo ti rí adágún nínú ìwé, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ara mi á bù máṣọ báyìí. Ó rí roboto. Kò tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wa lọ. Òkúta yí i ká, òṣíbàtà funfun tẹ́ sí ẹ̀bá rẹ̀, àárín rẹ̀ sì dúdú, ó dákẹ́. Lápá kan, àwọn páànù Ayétẹ̀ ń dán nínú oòrùn, lápá kejì ọ̀nà tó lọ sí Igbó-Ọrà pọ́n láàárín igbó. Ẹyẹ kan fò, ó sì tún bà. Kò sí ariwo mìíràn.

Mi ò lè dákẹ́, iṣẹ́ mi ni. Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní òkúta yìí ti gbóná yọ́ rí ní abẹ́ ilẹ̀, kó tó tutù tó dì. Ní àìmọye ọdún, ilẹ̀ tó bò ó wọ́ lọ, ó yọrí síta. Oòrùn ń sun ún lọ́sàn-án, òtútù ń mú un lóru, ara rẹ̀ ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ibi tó bá jìn lórí rẹ̀, òjò á dúró síbẹ̀, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ihò á di kòtò, kòtò á di adágún. Mo fi òkúta gàgàrà kan hàn wọ́n tó ya lulẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, tó dí ẹnu ibi tí omi ì bá gbà sá lọ.

Màmá Tàófíìk ní, "Ó dára. Ìyẹn ni bí omi ṣe dé inú òkúta. Dàda, báwo ni àwa ṣe dé inú omi?"

Dàda jókòó, ó na ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Mo wá rí ìdí tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní nígbà tí ogun lé àwọn ènìyàn gun òkè yìí, òǹgbẹ ló kù tó ń pa wọ́n. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó pọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú rẹ̀. Inú ìsáǹsá ló ti dà pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí ètè ọmọ náà gbẹ, tí àwọn ọkùnrin ní kí olúkúlùkù sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ogun, obìnrin náà gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ sórí òkúta. Ó ní òun ò lọ, ó di ìgbà tí igbá náà bá kún. Wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú. Ó jókòó ti igbá. Kì í ṣe àsìkò òjò, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣú, òjò dé, igbá kún, ó sì wúwo débi pé ó rì sínú òkúta pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Ojú ibi tó rì sí ni adágún yìí. Obìnrin náà fi ọwọ́ bù ú, ó kán an sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ náà ni baba ńlá Ilé Onígbá.

Mo ní ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n òjò lásán ni. Màmá Tàófíìk ní, "Tíṣà, ìwọ mọ òjò. Èmi mọ ẹni tó rán an." N ò bá a jiyàn. Ó bọ́ bàtà, ó wọ́ dé etí omi, ó ní "Bísímílàhí", ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú mu.  Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ bàbá rẹ̀, ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe ènìyàn tó wà nínú yàrá kejì, ó sì sunkún. Dàda náà bù mu. Èmi tí kì í ṣe ọmọ ilé wọn, mo fọ ojú mi.

Nígbà tí gálọ́ọ̀nù kún, kí wọ́n tó gbé e sórí, Dàda dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí òkúta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tú mi fó." Màmá Tàófíìk ní, "Dìde. Kò ní ti ẹnu mi jáde."

Òfin omi náà ni pé ẹni tó bá rù ú kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àwọn tó bá bá a rìn náà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìyà tó jẹ mí! Àwòrán kankan kò tún sí lọ́wọ́ mi, nítorí iná ọba kò wá láti ìjẹta, fóònù mi ti kú kí a tó dé òkè. A sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó le, Dàda á gbà á, ibi tó bá tẹ́, Màmá Tàófíìk á tún gbà á padà sórí. Nígbà tí a wọ agbo ilé nírọ̀lẹ́, Àkànó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aṣọ tó ya, ó wo ẹsẹ̀ tó wú, ó ní, "Ẹ kú odò o! Ṣé ẹ rí ẹja pa níbẹ̀?" Ó mọ̀ pé ẹni tó ru omi kò lè dá òun lóhùn. Obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú omi lórí, ọrùn rẹ̀ kò sì yẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ilé kún. Àlùfáà ti dé, ìyá ọmọ jókòó lórí ẹní pẹ̀lú ọmọ tuntun. Baálé ní kí wọ́n gbé omi wá. Màmá Tàófíìk gbé e wá fúnra rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn. Baálé ní, "Ṣé o débẹ̀?" Ó ní, "Mo débẹ̀."

Àkànó bọ́ síwájú. "Ta ló rí i níbẹ̀? Tíṣà, fótò dà?" Mo ní fóònù mi kú. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí àwọn ènìyàn. "Ẹ ò gbọ́? Fóònù kú! Ẹ wo ẹsẹ̀ yẹn, ṣé ẹsẹ̀ tó gun òkè nìyẹn? Odò ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti pọn ọ́n. Mi ò ní gbà kí wọ́n fi omi odò tan ọmọ mi jẹ!"

Mo ti la ẹnu láti fọ̀ sí i, mo sì rí i tí Màmá Tàófíìk di apá mi mú. Kò sọ̀rọ̀. Ó ti ṣèlérí, kò sì ní yẹ̀ ẹ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo ilé bàbá rẹ̀.

Dàda ló dìde.  Ó ní, "Àkànó, ó débẹ̀. Ìjókòó ló fi gun òkè, mo rí i. Èyí tí mo ń gbé wá fún yín láti ìgbà tí mo ti ṣubú ni omi odò. Òun ni wọ́n fi kan gbogbo àwọn ọmọ rẹ lẹ́nu. Èmi ni mo pọn ọ́n."

 Ariwo sọ. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ wọn lórí ìka, èyí tí wọ́n bí kí Dàda tó ṣubú àti èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ tí kò tíì wọ sẹ́kọ́ńdìrì tó yọ nínú rẹ̀. Àkànó jókòó láì wo ibi tó jókòó sí. Nípa òfin tí òun fúnra rẹ̀ kà síta níjọ́sí, àlejò ni gbogbo ọmọ rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Màmá Tàófíìk, nítorí ó ku ọ̀rọ̀ kan péré tó lè sọ, ìyẹn 'àlejò', mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Baálé gbé ọwọ́ sókè títí ariwo fi lọ sílẹ̀. Ó fi oríkì Màmá Tàófíìk pè é, ó ní, "Àpèkẹ́, jọ̀ọ́, bá wa kán an sí àwọn ọmọ wọ̀nyí lẹ́nu."

Màmá Tàófíìk kò fọwọ́ kan gálọ́ọ̀nù náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ọmọ ilé ló ń ṣe é. Níjọ́sí, àlejò ni mí, ẹ sì dákẹ́. Lónìí, ọwọ́ ta ni ẹ fẹ́ kí n fi ṣe é?"

Arúgbó náà dìde. Ó ṣí fìlà lórí. Ó ní, "Ọmọ bàbá wa ni ẹ́. Kí o tó gun òkè, ọmọ bàbá wa ni ẹ́. Kì í ṣe omi ló sọ ọ́ dà á. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, mo sì dákẹ́ nítorí ọmọ mi." Ó nawọ́ sí ẹní. "Ìyá Ọmọ-oṣú, ẹ wá ṣe iṣẹ́ yín."

Omi dà lójú obìnrin náà, kò sì fi pamọ́. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó sórí ẹní. Àkànó fúnra rẹ̀ ló gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé e sí i lẹ́sẹ̀, kò lè gbójú sókè. Màmá Tàófíìk kán omi náà sí ọmọ tuntun náà lẹ́nu, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀, ó sì ní kí Àkànó lọ pe àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù wá.